Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: àgbàṣe ni àbí ìdógò?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú làákàyè.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi dábàá pé kí “iṣẹ́ àgbàṣe” dúró fún ohun tí àwọn amòfin ń pè ní kọ́ńsẹ́ṣọ̀n, ìyẹn àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń náwó tirẹ̀ sórí ohun ìjọba, tó sì ń jẹ èrè rẹ̀ fún àkókò kan, torí pé kọngilá ni kọngilá ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀; “ìdógò” ni èmi dábàá. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti gba ọwọ́ àgbàṣe àti kọ́ńsẹ́ṣọ̀n kọjá, ìyàtọ̀ wọn sì hàn kedere.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ Bi-Courtney ṣe àdéhùn kọ́ńsẹ́ṣọ̀n. Ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wá owó, nǹkan bíi bílíọ̀nù 89 náírà, tí yóò fi tún ọ̀nà ṣe. Yóò máa gbowó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ títí ọdún 25 yóò fi pé, kó tó dá ọ̀nà padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìjọba wọ́gi lé e, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe ohun tó ṣèlérí. Nígbà tó di 2013, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé méjì gba iṣẹ́ náà: Julius Berger gba apá Èkó dé oríta Ṣàgámù, RCC gba ibẹ̀ dé Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì yìí ni alágbàṣe: wọ́n gbé oko fún wọn ro, wọ́n á ro ó, wọ́n á gbowó wọn, wọ́n á máa lọ.

Ti Bi-Courtney ńkọ́? Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi oko kòkó dógò. Ẹni tó yá wọn lówó ni yóò máa ká kòkó, tí yóò máa tà á, títí àsìkò tí wọ́n jọ fohùn sí yóò fi pé. Olóko ló ṣì ni ilẹ̀, òun ló ni igi, àmọ́ bó bá já wọ oko lọ ká èso láìtíì yanjú ọ̀rọ̀ owó, ẹjọ́ dé nìyẹn.

Ibi tí “àgbàṣe” ti já wa kulẹ̀ gan-an nìyí. Nígbà tí Bi-Courtney pe ìjọba lẹ́jọ́, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ ládùúgbò ni pé: ìjọba ló ni ọ̀nà, báwo ni kọngilá ṣe máa pè é lẹ́jọ́ torí pé ó gba ohun tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a fún àwọn èèyàn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Òfin tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe lọ́dún 2005 sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá dúró tàbí wọ́gi lé bó ṣe wuni. Ẹni tó bá gbọ́ “ìdógò” á ti mọ̀dí rẹ̀ kí agbẹjọ́rò tó lanu.

Ẹnì kan tún mú “ọ̀nà títà” wá. Ohun tí a tà kì í padà sọ́wọ́ ẹni.

Àtakò kan wà tó lágbára ju ìyẹn lọ: owó ìdógò, ọwọ́ olóko ló ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n owó tibí, inú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wọ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń dà mí láàmú. Mo gbìyànjú “àlàjẹ”, ìyẹn ni pé kí wọ́n là á, kí wọ́n jẹ èrè rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó ti wà láti 1978, ta ló tún ń là á? “Àṣejẹ” sì rèé, etí á gbọ́ àsèjẹ oníṣègùn. Mo wá fara mọ́ “ìdógò àtúnṣe”: àtúnṣe ni owó wọlé sí, èrè ọ̀nà ni wọ́n fi dúró. Owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà kò nílò orúkọ tuntun rárá, owó ibodè ni. Oníbodè ti ń gbà á lẹ́nu odi ìlú kí mọ́tò tó dé.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò àárín wa, ẹ bá mi dá sí èyí tó kù. Bí ìjọba bá gba ọ̀nà kí ọdún tó pé, tí ilé ẹjọ́ sì ní kó sanwó, kí ni ká pe owó náà? “Owó gbà-máà-bínú” ni ti ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ nítorí ọ̀nà. “Ìràpadà” ló yẹ ìdógò jù, ṣùgbọ́n ìjọ Kristẹni ti fi ṣe tiwọn pátápátá. “Owó ìtúdógò” ló wà lẹ́nu mi báyìí. Ṣé ó dùn létí yín?