Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì tuntun, kí lẹ kọ́kọ́ wò?

Ará Arọ́jẹ, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bi mí pé irú kẹ̀kẹ́ orí òkè wo ni kí wọ́n rà, èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, tówó rẹ̀ ò sì ní ju apá lọ. Mo ní kí n kọ tèmi síbí kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ni mo yà sọ́tọ̀. Owó ńlá ni nílùú wa, ó tó ra ọ̀kadà, ṣùgbọ́n láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì, kì í ṣe owó tó ga jù. Àwọn kan wà lókè tówó wọn tó ti mọ́tò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí mò ń gùn ná. Láti Arọ́jẹ, mo máa ń ya sínú oko kaṣú, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ mo máa ń lọ títí dé apá Ìkòyí-Ilé. Yangí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn òjò, àgbàrá á ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sí kòtò gígùn. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ ọ̀hún á le koko, á rí gbágungbàgun, á máa mi èèyàn títí dé eyín. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa tẹ ilẹ̀ níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì ráàyè wa pẹ́dà láìdúró. Mi ò lè fi í ṣeré.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan wò: bí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ṣé ó ṣeé tún ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àbí ó dìgbà tí ẹnì kan bá ti Èkó bọ̀? Ìbéèrè yẹn yọ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wù mí kúrò.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ṣáájú. Èyí tó ń lo atẹ́gùn ni mo fẹ́, torí pé a lè fẹ́ ẹ bó ṣe bá ìwọ̀n ara ẹni mu. Mo sì wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 210x50, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé láti àárín ihò òkè sí àárín ihò ìsàlẹ̀ jẹ́ 210mm, tó bá sì rì tán, 50mm ló máa wọlé. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó wọ́pọ̀, ẹ máa rí arọ́pò rà lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ kan péré, tó bá kú, férémù náà kú pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wo ọ̀pá àárín táyà (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìnípọn rẹ̀, èkejì ni fífẹ̀ àyè tó wọ̀, ní mm): 15x110 níwájú, 12x148 lẹ́yìn, torí àwọn wọ̀nyí ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ orí òkè òde òní.

Bíréèkì ló gba ìrònú mi jù. Olóróró ni wọ́n ń lò ní ipò owó yìí, ṣùgbọ́n òróró wọn ò dọ́gba. Ti ilé iṣẹ́ Shimano ń lo òróró mineral. Púpọ̀ nínú ti ilé iṣẹ́ SRAM ń lo DOT, òróró bíréèkì mọ́tò. Àwọn tó ń ta pátì mọ́tò ní DOT 4 lórí àtẹ, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ rà á. Mineral ní tiẹ̀, èmi máa ń ránṣẹ́ sí Èkó ni. Síbẹ̀ mineral ni mo mú. DOT máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, ó sì ń jẹ ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́ tó bá ta sí i, ìgbà òjò tiwa sì gùn. Ìgò kan tí mo tọ́jú sílé ń tó mi lò fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni gbogbo òróró bíréèkì. Tí DOT bá fi lè wọ bíréèkì mineral, rọ́bà inú ẹ̀ á wú, bíréèkì á há tàbí kó máa jò, ẹ̀yin lẹ máa ra òmíràn.

Ti gíà ò gbà mí lákòókò. Irin eléyín kan níwájú, 10 sí 12 lẹ́yìn, ó ti tó. Gíà Deore oní-12 ti Shimano ní eyín 51 lórí èyí tó tóbi jù, mi ò tíì rí òkè tó jù ú lọ lágbègbè wa. Ẹni tó bá ń fi gíà 21 polówó kẹ̀kẹ́ fún yín, ẹ bi í léèrè nípa ṣọ́ọ̀kì.

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni mo fi wéra: Giant Stance, Marin Rift Zone àti Polygon Siskiu. Gbogbo wọn dára. Stance onítáyà íǹṣì 29 ni mo gbé níkẹyìn: táyà iwájú rẹ̀ lè sún sókè tó 130mm, ti ẹ̀yìn 120mm. Ohun tó fà mí sí i ni pé kò ní ìsopọ̀ oníbíárìnì nítòsí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, irin férémù fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Bíárìnì tí kò sí níbẹ̀, eruku ọyẹ́ ò lè bà á jẹ́.

Nígbà tó dé, mo kọ́kọ́ ṣètò ṣọ́ọ̀kì kí n tó gbé e jáde. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Mo tì í mọ́ ẹnu ṣọ́ọ̀kì, mo gbé báàgì omi mi kọ́ ẹ̀yìn, mo fọwọ́ ti ògiri, mo sì rọra jókòó. Mo tún rọra sọ̀ kalẹ̀, mo fi rúlà wọn ibi tí rọ́bà náà sún dé. Ó yẹ kó wà láàárín 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ibi tí ṣọ́ọ̀kì lè wọlé dé. Fún ṣọ́ọ̀kì tó ń wọlé 50mm, kò yẹ kó ju 15mm lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi atẹ́gùn kún un. Tí ò bá tó, ẹ yọ díẹ̀. Pọ́ǹpù ti ṣọ́ọ̀kì lẹ máa lò o, ẹ fi owó rẹ̀ kún owó kẹ̀kẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà: inú ṣọ́ọ̀kì kéré, ó sì lè béèrè tó 200 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn), nígbà tó jẹ́ pé táyà kẹ̀kẹ́ yìí ò nílò ju bí 25 tàbí 30 lọ.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Bọ̀dá, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì kan wá fún mi, tuntun nínú páálí, owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin tiyín. Mo tẹ ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọwọ́ lójijì, ó ta padà bíi bọ́ọ̀lù. Sípíríǹgì lásán ni, kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó ń dẹ́kun ìtapadà. Èyí tó dáa máa ń rọra gòkè ni, ẹ sì máa rí bọ́tìnì pupa tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Mo kí oníkẹ̀kẹ́, mo bá tèmi lọ.

Èyí tí mo rà gbẹ̀yìn jẹ́ oníṣọ́ọ̀kì iwájú nìkan. Ọ̀nà ọlọ́dà ni mo máa ń gùn jù, láti Ọ̀yọ́ lọ sí apá Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà oko kì í pọ̀ nínú rẹ̀. Owó kan náà ló fún mi ní fọ́ọ̀kì (ṣọ́ọ̀kì iwájú) tó dáa ju èyí tí ǹ bá rí lára oníṣọ́ọ̀kì méjì, kẹ̀kẹ́ sì fúyẹ́. Kí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jọ tèmi rò ó dáadáa.

Àbúrò yín ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò ga, mi ò sì sanra, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n férémù ni tèmi. Wọ́n sọ fún mi pé kí n mú M (ìwọ̀n àárín), pé màá kàn sọ ìjókòó kalẹ̀. Àmọ́ sísọ ìjókòó kalẹ̀ kò sún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ èèyàn. Mo dìde lórí pẹ́dà M yẹn, apá mi nà gbọọrọ, mi ò lè tẹ ìgúnpá rárá. S (ìwọ̀n kékeré) ni mo gbà, ìyàtọ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa wo *reach* (bí iwájú férémù ṣe jìnnà sí ibi pẹ́dà) nínú ìwé kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi wé ti kẹ̀kẹ́ tó ti bá yín lára mu rí.

Ìbéèrè mi rèé, Bọ̀dá: ṣé mo lè máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò?

Ará Arọ́jẹ:

Rárá o, àbúrò mi. Omi tó ń fipá jáde yẹn máa lé gíríìsì kúrò nínú bíárìnì. Korobá omi, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ló tó, kó o sì nu ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì gbẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, di ìjókòó mú, rọra fà á sókè títí táyà ẹ̀yìn á fi fẹ́ kúrò nílẹ̀. Tó o bá gbọ́ kọ̀ọ̀kọ̀, tàbí tọ́wọ́ rẹ gbọ́ ọ, bíárìnì kan tàbí bóòtù kan ti ń tú nìyẹn, má gùn ún títí wàá fi dè é. Ti fọ́ọ̀kì ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀kì RockShox kọ ọ́ pé lẹ́yìn wákàtí 50 tá a bá ti gùn ún ni ká tú apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká fọ̀ ọ́, ká pààrọ̀ òróró. Nígbà ọyẹ́, èmi kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tó o bá ráàyè lópin ọ̀sẹ̀, gbé e wá, màá tú u lójú ẹ.