Iṣẹ́ Tí Ògiri Bò Mọ́lẹ̀ Nínú Ilé Wa

Nígbà tí ìdílé wa pinnu láti kọ́ ilé tiwa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ bíríkìlà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, sọ fún wa pé kí a má ṣe kó gbogbo ojú lé ọ̀dà àti táìlì, nítorí pé ìgbàkígbà tó bá wuni ni a lè tún ìyẹn ṣe. Ibi tí a ó bò mọ́lẹ̀ ni kí a máa wò. Ìmọ̀ràn yìí ni mo fi wo iṣẹ́ ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọjọ́ tí wọ́n fa okùn ni mo gbádùn jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń kọjá lọ kò lè rí ohun kan tọ́ka sí pé ilé nìyí. Olórí bíríkìlà kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, ó fa okùn láti èèkàn dé èèkàn, ó wá wọn ẹsẹ̀ 3 láti igun lára okùn kan, ó sàmì sí i, ó wọn ẹsẹ̀ 4 lára okùn kejì, ó sàmì sí ìyẹn náà. Bí àárín àmì méjèèjì bá jẹ́ ẹsẹ̀ 5 gẹ́lẹ́, igun náà gún régé. Bí ó bá dín tàbí tó lé, ilé fẹ́ wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó tún wọn láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún igun méjì yòókù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì títí tí ìwọ̀n méjèèjì fi bá ara wọn dọ́gba. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí igun ìpìlẹ̀ bá wọ́, ẹni tó ń tẹ́ táìlì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ní ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, nígbà tí ìlà táìlì kò bá bá ògiri lọ mọ́. Ní ti ìyàwó mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í lọ́jọ́ náà, pé ṣé ibùsùn wa lè gba inú ìlà kékeré yìí ṣá? (Ó gbà á. Yàrá tó jẹ́ ìlà lórí ilẹ̀ lásán máa ń kéré lójú.)

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa kọnkéré ni pé kì í ṣe gbígbẹ ló ń mú un le. Sìmẹ́ńtì àti omi ló jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n fi ń le, bí omi bá sì tètè tán lára rẹ̀, iṣẹ́ náà á dúró láìparí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ọ̀rá bo kọnkéré ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì ní kí a máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń dúró dè kí wọ́n tó díwọ̀n agbára rẹ̀. Aládùúgbò kan tó rí wa pẹ̀lú garawa lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ kankan kò sí níbẹ̀ béèrè bóyá ẹ̀fọ́ ni a gbìn.

Ògiri dìde kíákíá, òrùlé sì tẹ̀ lé e. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú oríire bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìgbà náà ni sùúrù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò rẹ́ ògiri ń dúró de oníṣẹ́ iná àti púlọ́ńbà, akunlé ń dúró kí ògiri tí wọ́n rẹ́ gbẹ, torí pé ọ̀dà tí a bá kùn sára ògiri tútù á wú, á sì ṣí kúrò.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, púlọ́ńbà dí ẹnu gbogbo páìpù, ó fi ẹ̀rọ ti omi sínú wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ojú ìwọ̀n rẹ̀ yóò wálẹ̀, èyí tí yóò fi hàn pé omi ń jò níbì kan. Lọ́jọ́ kan náà, mo fi fóònù ya àwòrán gbogbo ògiri, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n tí ọmọ mi nà láti ilẹ̀ dé òkè, kí ibi tí páìpù àti wáyà gbà kọjá lè hàn kedere. Àwòrán yìí wúlò ju bí mo ti rò lọ: nígbà tí káfíńtà fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ilé ìdáná, a rí i pé orí páìpù omi gan-an ni ó fẹ́ lu ihò sí, ó sì sún un sí ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn tí a kó wọlé, àwọn ìlà tín-ín-rín bíi irun orí yọ lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá wò wọ́n, wọ́n ní sísúnkì ni sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri ń súnkì bó ṣe ń gbẹ. Èyí tó bá gba ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó sì ń fẹ̀ sí i ni kí a pe onímọ̀ ẹ̀rọ sí. Wọ́n ní kí a fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan parí sí, kí a sì kọ ọjọ́ sí i. Títí di ìsinsìnyí, kò sí èyí tó kọjá àmì rẹ̀, a sì ti kun ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀dà.