Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta: “ẹ̀dọ̀ sísanra” fún àìsàn tí ọ̀rá fi ń kún ẹ̀dọ̀, “kòkòrò inú ìfun” fún àwọn bakitéríà tó ń gbé inú wa, àti “oògùn ewé” fún àwọn èròjà ara ewé àti èso tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò bóyá wọ́n lè dín ọ̀rá yẹn kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Àmọ́ ìwé ìléwọ́ ìlera ni mò ń túmọ̀ fún àwọn obìnrin ọjà Oyíngbò, mo sì ti gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé etí wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Sísanra ló kọ́kọ́ ṣubú. Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn l’Ékòó pé ó ti sanra, ẹ ṣeun ló máa sọ. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan gbọ́ “ẹ̀dọ̀ yín sanra,” ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rù. Ìròyìn ayọ̀ ló pè é. Mo yí i sí “ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ yín.” Ọmọ rẹ̀ tó ń fa omi inú ọ̀rá mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbójú sókè, ó ní, “Màámi, ṣé ẹ gbé ọ̀rá mì ni?” Ọ̀rá tí a fi ń di ìrẹsì ti borí ọ̀rá ara ẹran létí àwọn ọmọ ìlú yìí.

Ọ̀dọ̀ ìyá aládìyẹ ni mo ti rí ojútùú. Àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin tán nínú kéèjì ló ń tà. Ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, ó fa ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yọ sórí pákó: àwọ̀ rẹ̀ dà bíi pupa ẹyin, ó sì wú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó rún, ìka rẹ̀ sì ń dán. Ó wá fa ti àkùkọ yọ. Ìyẹn pọ́n dúdú, ó dì, kò fi nǹkan kan sí i lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́. Kò tilẹ̀ ronú: “Ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ni. Àjẹjù àti ìjókòó ojú kan ló fà á.”

A ti ń sọ ẹran ọlọ́ràá tipẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa rò pé ọ̀rá ìdìrẹsì là ń wí. Bí ọ̀rá bá ti kọjá ìdá 5 nínú ìdá 100 ẹ̀dọ̀, àwọn dókítà ti ń kà á sí àìsàn. Ọlọ́ràá gbé ìyẹn dáadáa.

Àbúrò kan níbí sọ pé orúkọ yìí lè dójú ti aláìsàn, àti pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jù ú nù. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2023, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ẹ̀dọ̀ yí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ padà. Wọ́n yọ “ọlọ́ràá” kúrò, wọ́n sì yọ gbólóhùn tó ń sọ pé kì í ṣe ti ọtí. Lórí ti ọtí, mo wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá: Àlàájà tí kò fẹnu kan ọtí rí, kí ló dé tí a ó fi dárúkọ ọtí sí i lára? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n fi rọ́pò ọlọ́ràá, ọ̀rá náà ló túmọ̀ sí. Ẹ̀dọ̀ là ń pè ní ọlọ́ràá, a ò pe ẹni tó ni ín bẹ́ẹ̀.

Ó kan kòkòrò. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ẹnì kan fi bi mí pé èló ni oògùn aràn. Ewu ńlá nìyẹn, nítorí àwọn tí à ń wí kì í ṣe ẹni tí à ń lé jáde. Ọ̀pọ̀ èròjà ara ewé ni ìfun kékeré kì í lè gbà sára. Wọ́n á dé ìfun ńlá, ibẹ̀ ni bakitéríà ti ń gé wọn wẹ́wẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, òun sì ni bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀. Ohun rere ń gba ọ̀nà yẹn, májèlé náà ń gbà á. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Ṣáínà kọ̀wé nípa bakitéríà kan tó ń pọn ọtí sínú ìfun ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́ràá, bí ẹmu ṣe ń kan nínú agbè.

“Alábàágbé ìfun” ni mo mú wá. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Èbúté Mẹ́ta, alábàágbé ni ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, alábàágbé náà ni ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lóru. Àwọn obìnrin náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yé wọn.

“Oògùn ewé” ni mo bẹ̀ yín pé kí a má gbà rárá. Ẹ̀gbẹ́ ìyá alágbo ni mò ń dúró sí, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa darí ẹsẹ̀ sí, àwọn àgbo kan sì wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n ti ṣèwádìí èròjà inú orógbó ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ara eku ni wọ́n ti dán an wò. “Èròjà ewé” ti tó. Akorò tí ẹnì kan dábàá fún pọlifínọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀wọ́ kan lára àwọn èròjà ewé yìí, kò sì lè dúró: ewúro àti orógbó korò, àmọ́ ìṣápá tí a fi ń ṣe sobo, kíkan ló ń kan.

Ó ku ẹ̀dọ̀ tí àpá ti kún títí tó fi le gbagidi. “Ẹ̀dọ̀ líle” ni mo kọ sílẹ̀, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ alápatà ní Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, ẹ bá mi bi í. Mo fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ náà ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.