Kọ̀ǹpútà ní ọmọ mi lè yarọ, ẹ gbà mí o

Màmá Fàtì, Kétu: Ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ kẹta rèé tí n kò fojú kan oorun. Àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu ló wá kí wa. Kò tíì jẹun tán tó fi bọ́ aṣọ lára ọmọ mi, ó fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ẹní, ó ń ya fídíò. Ó ní ẹ̀rọ yóò fi àmì sí èjìká, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ̀, yóò máa wo bí wọ́n ṣe ń mira. Ojú fóònù pọ́n, ó kọ «risque élevé», ìyẹn ni pé ewu pọ̀. IMC ló ń wí, àrùn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ le. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé ìdílé wa kò mọ́. Èmi tí mò ń pọnmi fún wọn! Owó aṣọ ìkómọ gan-an, wọn ò tíì san án. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọ oṣù mélòó ni? Kẹ́hìndé tèmi, ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń mú nǹkan kó tó pé ọdún kan. Wọ́n ní ọlọ́wọ́ òsì ni. Àṣé apá ọ̀tún ni kò ṣiṣẹ́. Ó pé ọdún méjì àbọ̀ kí dókítà tó sọ ọ́. Ọdún méjì yẹn ṣì ń dùn mí.

Bàbá Ràfíù, Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ pa nǹkan yẹn rẹ́ nínú fóònù. Kí ni ẹ̀rọ mọ̀? Ẹ fi àdí ra ọmọ lẹ́yìn, kí ẹ máa nà án lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀.

Àǹtí Agbẹ̀bí: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àdí kì í dé ọpọlọ. Láti 1997 ni Heinz Prechtl, dókítà tó ń wo bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mira, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń mira wẹ́wẹ́ láìdúró, lọ́rùn, lọ́rùn ọwọ́, lọ́rùn ẹsẹ̀. Bí a ò bá rí i rárá, ewu IMC pọ̀. Ojú tó mọ̀ ọ́n wò kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa wò ó. Ní 2022, àwọn ará Nọ́wè àti àwọn mìíràn gbé irú rẹ̀ síta, fídíò ọmọ 557 láti òṣìbítù 13 ni wọ́n lò. Nínú ọmọ 10 tí àrùn náà mú lóòótọ́, bíi 7 ló dá mọ̀. Oṣù mélòó ni ọmọ?

Màmá Fàtì: Oṣù mẹ́ta pé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi.

Màmá Sọlíù, Kétu: Mo wà níbi ìkómọ yẹn. Fàtì kò ju ọmọ ẹyẹlé lọ. Sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Màmá Fàtì: Ó dáa. Oṣù méje ni mo bí i. Kò ké. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú àpótí tó ń mú ara ọmọ gbóná. Wọ́n ní kí n gbé e padà wá. N kò lọ. Owó sémi, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, kò sí, ó sì ti ń sanra. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Àǹtí Agbẹ̀bí: Èmi ò dá ọ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí. Ọjọ́ tó yẹ kó wáyé la fi ń ka oṣù irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Fàtì kò tíì ju bí ọmọ oṣù kan lọ. Ọ̀sẹ̀ 9 sí 20 lẹ́yìn ọjọ́ yẹn la ń wá ìmira wẹ́wẹ́ náà. Ọjọ́ wo ni ẹ fún ẹ̀rọ?

Màmá Fàtì: Ọjọ́ ìbí. Igbe ló sì ń ké nínú fídíò, òtútù ń mú un.

Àǹtí Agbẹ̀bí: Èsì yẹn kò ṣeé gbára lé nígbà náà. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn sùn o! Ọmọ tí kò ké, tí oṣù rẹ̀ kò pé, dókítà ọmọdé gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ wà ni o, kò sí ni o. Tó bá di oṣù méjì sí i, ẹ ya òmíràn nígbà tó bá jí tí ara rẹ̀ balẹ̀, láìfún un ní ohun ìṣeré. Dókítà ni kí ẹ fi hàn. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, kiné, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ara ní ìmira, á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì rọ̀.

Bàbá Ràfíù: Àdí kò pa ọmọ lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì: Lọ lọ́la. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi, màá fi owó sémi ránṣẹ́.

Màmá Fàtì: Ẹ ṣeun, mà. Mo ti rí ìwé òṣìbítù náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa wà lórí rẹ̀ ní báírò pupa. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ti kọjá.