Ẹ̀yin tí ẹ ti fi dáì sílẹ̀, tí ẹ jẹ́ kí ewú yín jáde, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìyàwó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 52 ni mí. Mi ò tíì pé 35 tí ewú ti gba iwájú orí mi, àtìgbà náà ni mo sì ti ń kun dáì. Nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù méjì ti tó. Ní báyìí, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, funfun ti yọ yí iwájú orí mi ká, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́.

Èyí tí mo kùn kẹ́yìn ló dẹ́rù bà mí. Ẹ̀yìn etí mi wú, ó ń ṣomi fún ọjọ́ mẹ́rin, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ orí lé ìrọ̀rí.

Ọmọ mi àgbà máa ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá, oṣù mẹ́fà ló kù. Ṣé kí n jáwọ́ báyìí, kí wọ́n ya orí aláwọ̀ méjì sínú fọ́tò, àbí kí n rọ́jú títí ìnáwó á fi kọjá? Ẹ̀yin tí ẹ ti dán an wò, ẹ bá mi sọ bó ṣe rí. Ẹ má sọ ibi tó dùn nìkan.

Onídìrí Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, etí tó wú tó ń ṣomi ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí dáì kan orí yín mọ́ títí dókítà awọ ara á fi rí yín. Ọdún 23 rèé tí mo ti ń ṣe irun. Nǹkan kan wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú tí wọ́n ń pè ní PPD. Ara lè gbà á fún ọdún 10, kó wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, tó bá sì ti kọ̀ ọ́, àkọ̀tán ni. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tún fi kàn án, á máa le sí i ni. Oníbàárà mi kan jí lọ́jọ́ kejì tó kùn ún, ojú rẹ̀ méjèèjì ò ṣeé là. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn etí èèyàn, tí mo ń ní kó padà wá lẹ́yìn wákàtí 48. Inú máa ń bí wọn. Wọ́n á ní mò ń fi àkókò wọn ṣòfò, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Dúdú Minimini:
Tèmi ò tíì yọ o, àmọ́ mo ti fa àga sún mọ́ tòsí.

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Ní 2019 ni mo fi í sílẹ̀, ẹni 50 ọdún ni mí nígbà náà. Mo lọ bá onígbàjámọ̀ ọkọ mi, mo ní kó gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, kí dúdú àti funfun má baà máa du orí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ sí i. Nígbà tí mo délé tí mo wo dígí, ìyá mi tó ti kú láti ọdún 11 sẹ́yìn ni mo rí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún díẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí. Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí wọ́n jọ ka ìwé girama wá kí wa láti Kàdúná. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀: "Màmá, ẹ kú ilé o. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín ni mí, a jọ lọ sílé-ìwé ni." Ọkọ mi fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ o! Ẹnu mi wúwo. Mo kàn ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," mo yà sí ilé ìdáná.

Ilé-ìwé náà ò kọ́kọ́ rọgbọ. Òbí ọmọ kan bi mí bóyá mi ò tíì fẹ̀yìn tì ni. Ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ni mo wà, òfin tó jáde ní 2022 sì ní kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ dé ẹni ọdún 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mo là á yé e bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ ilé. Mi ò padà sídìí dáì. Orí mi ò yún mí mọ́. Mo ń sùn.

Ọmọ Agboolé:
"Ọ̀rẹ́ ọmọ yín ni mí!" Inú ọkọ̀ ni mo wà, gbogbo èèyàn ń wò mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o, ó ń dunni. Tíṣà, kí ni bàbá wí nígbà tí wọ́n jáde síta?

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Wọ́n ní, "Ìyàwó mi lo dọ̀bálẹ̀ fún yẹn." Ọkùnrin náà tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti fi bẹ̀ mí. Ohun tó ká mi lára jù ni pé orí ọkọ mi ò dúdú fúnra rẹ̀. Ó ń kùn ún. Èmi gan-an ni mo ń bá a kun ìpàkọ́ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé.

Ìyá Ìbejì:
Áà! Ọwọ́ ara yín lẹ fi ń sọ ara yín di ìyá ọkọ yín!

Mẹkáníìkì Àgbà:
Ẹ fi bàbá sílẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 55 tó ń wáṣẹ́ kiri, tó bá gbé orí funfun wọlé, wọ́n á kí i, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á wá gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ ọdún 35. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ara mi. Nínú àwa tó ń kùn ún, kì í ṣe gbogbo wa ló ń ṣe fáàrí.

Àǹtí Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. RMD, òṣèré fíìmù yẹn, gbé irùngbọ̀n funfun jáde, gbogbo ìlú ní ó ń dán. Èmi gbé tèmi lọ sí ọ́fíìsì, ọ̀gá mi pè mí sí ìkọ̀kọ̀, ó ní ṣé kò sí nǹkan nílé. Kí ni yóò wà? Mo hewú ni!

Mẹkáníìkì Àgbà:
RMD lówó. Ẹni tó lówó, bó ṣe hewú náà ló máa wuyì.

Àǹtí Sùúrùlérè:
Ẹ wo òṣèré wa, Taiwo Ajai-Lycett, nígbà náà. Ọdún 1941 ni wọ́n bí wọn. Wọ́n gé e mọ́lẹ̀, ó funfun, wọ́n á sì dúró ṣánṣán. Àwọn ni mo rí tí mo fi ní ìgboyà.

Díákónì:
Òwe 16:31 ní adé ògo ni orí ewú. Ta ló ń fi dáì kun adé?

Àlàájà Ìwó:
Ẹ ka ẹsẹ náà tán, Díákónì. "Bí a bá rí i ní ọ̀nà òdodo" ló wà níparí rẹ̀. Ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ni mo lọ, wọ́n kọ́ wa há sórí.

Ní tiwa, nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, wọ́n mú bàbá Abu Bakr wá síwájú Ànábì, orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀ funfun nini. Ànábì ní kí wọ́n yí i padà, àmọ́ kí wọ́n yàgò fún dúdú. Làálì ni mo ń lò láti ìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé. Ó máa ń pọ́n lórí ewú bí epo tó ti dì. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Ìyàwó:
Àlàájà, ṣé làálì yẹn ò ní yún mi?

Onídìrí Mọ́kọ́lá:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ewé làálì gidi kì í dúdú, pupa ló ń yọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú, tó ń mú wàrà-wàrà, PPD kan náà ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn. Ẹni tí etí rẹ̀ ti wú ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Àlàájà Ìwó:
Òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ àbúrò mi fi èyí tí ó dúdú kun ọwọ́ fún ìgbéyàwó, gbogbo ibi tí wọ́n ya òdòdó sí ló lé ròrò.

Dúdú Minimini:
Ta ló rántí fífa ewú fún àwọn àgbà? Bàbá àgbà mi á nà gbalaja sórí ẹní lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, á ní ká máa fà á. Kọ́bọ̀ kan fún ẹyọ kan.

Ọmọ Agboolé:
Kọ́bọ̀ márùn-ún ni tiwa! Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ja ẹyọ kan sí méjì kó lè gba owó méjì.

Ìyá Ìbejì:
Jìbìtì nìyẹn o! Ilé wa, wọ́n ní tí o bá fa ẹyọ kan, méje á wá sìnkú rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí.

Onídìrí Mọ́kọ́lá:
Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò tí ẹ fa tirẹ̀ nìkan ló máa padà hu tirẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ń fà á léraléra, ihò náà lè má hu nǹkan kan mọ́.

Ọmọ Agboolé:
Àṣé ìdí tí orí bàbá mi fi pá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀bi.

Àǹtí Peckham:
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìyàwó. Àjàkálẹ̀ àrùn ló bá mi yanjú tèmi. Oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù onírun pa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 4 oṣù Keje ni wọ́n tó ṣí i. Kí wọ́n tó ṣí i, funfun ti gba bí ínǹsì méjì. Nígbà tí mo rí i, mo ní èyí tó le jù ti kọjá. Mo gé èyí tó dúdú kúrò.

Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi ní ó rẹwà, ọ̀rọ̀ parí. Àwa ara wa ló kù. Ní òde ìsọmọlórúkọ kan, màmá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìgbà wo ni bàbá wọn papò dà?" Ọkọ mi sì ń jẹ ìrẹsì lẹ́yìn mi níbẹ̀! Irun tí mo gé ló rí, ó rò pé opó ni mí. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo ti dárí jì í, torí pé àánú mi ló ṣe é.

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Wọ́n pa ọkọ tiyín, wọ́n sọ tèmi di ọmọ mi. Ẹ ṣé o.

Kékeré Ewú:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin màmá. Ọmọ ọdún 27 ni mí, ewú ti kún ẹ̀gbẹ́ orí mi méjèèjì. Ìyá àgbà mi ní ewú owó ni, kí n má fọwọ́ kàn án. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Onídìrí Mọ́kọ́lá:
Tó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá rẹ tètè hewú, ìdílé ni. Tí kò bá sí nínú ìdílé yín, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àìtó fítámì B12 lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni kókó ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid, tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìyá Ìyàwó, tí ẹ bá gé e mọ́lẹ̀ lónìí, irun ń hù tó bí ìdajì ínǹsì lóṣù. Títí di oṣù Kejìlá, ẹ ó ti ní bí ínǹsì mẹ́ta, ó tó dì. Mo ti di ṣùkú fún orí ewú rí, gbogbo ìlà rẹ̀ ló ń yọ ketekete. Gèlè yóò sì bo ìyókù. Kí lẹ tún ń rò?

Ìyá Ìyàwó:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ohun tí mi ò tíì sọ rèé. Ìyá mi wà láyé, wọ́n pé ọdún 78 nínú oṣù Kẹta. Wọ́n ṣì ń kun dáì. Nígbà tí mo dá a lábàá pé mo fẹ́ jáwọ́, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bi wá èwo nínú wa ni ìyá?" Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí èmi bá gbé orí funfun jókòó ti ìyá mi tí orí wọn dúdú, lójú gbogbo ẹbí, mi ò mọ irú ojú tí màá fi wò wọ́n.

Díákónì:
Ìyá tó fi ojú ara rẹ̀ rí ewú ọmọ rẹ̀, ìbùkún ńlá ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Àǹtí Sùúrùlérè:
Kì í ṣe gbogbo ìyá ló rí i bẹ́ẹ̀, sà. Ìyá tèmi kì í fẹ́ kí wọ́n ka ọjọ́ orí àwa ọmọ níta, torí ẹni tó bá ti ka tiwa ti ka tiwọn mọ́ ọn. Ẹ má fi bá màmá jà.

Àlàájà Ìwó:
Ẹ fi etí yẹn hàn wọ́n. Kò sí ìyá tó máa rí i tó máa ní kí ẹ tún kùn ún.

Ìyá Ìyàwó:
Mo ṣe bí Àlàájà ṣe wí. Mo lọ bá wọn lálẹ́ àná, mo ṣí ẹ̀yìn etí mi. Ojú wọn yí padà. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní ara àwọn náà ti ń kọ̀ ọ́ láti ọdún tó kọjá. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò fi sọ? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti pé 84, ó ṣì ń kùn ún, báwo ni àwọn àbúrò ṣe máa funfun ṣáájú ẹ̀gbọ́n?

Ọjọ́ Sátidé la jọ ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá mi ní àwọn fúnra wọn ló máa bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ ọ́.

Tíṣà Ọ̀yọ́:
Olúwa á ṣáájú yín. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí màmá àgbà.

Onídìrí Mọ́kọ́lá:
Ẹ gbé etí yẹn dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ẹ tó gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó o.