Tàró kì í fi òwú sínú ihò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa ará Kétu gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ dá sí: kí ni kí a máa pe tàró, irinṣẹ́ tí a ń yí nínú ihò irin láti gé ipa tí ń yí ká sí i, kí ìdè tàbí páìpù lè yí wọ inú rẹ̀, ní Yorùbá, nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ páìpù omi? Ìdáhùn méjì ni ó ti wọlé. Ọ̀kan ni «ìfòwúsíhò». Èkejì ni pé kí a kúkú gba «táàpù», orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, wọlé láti òdì kejì ibodè ní Nàìjíríà. N kò lè fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ti táàpù kò le. Ẹnu ẹ̀rọ omi ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó wà ní Nàìjíríà ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní rọ̀bìnẹ́. Nínú ìwé ọmọṣẹ́ páìpù, níbi tí tàró àti rọ̀bìnẹ́ ti lè pàdé lójú ewé kan náà, ìdàrúdàpọ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo fún méjèèjì yóò dá sílẹ̀.

Òwú ni ó gba àlàyé. Ẹni tí ó dá a lábàá sọ pé òwú ni Òyìnbó rí lára ìdè kí ó tó fún un lórúkọ, àti pé ọ̀rọ̀ òwú náà ni ó wà nínú filetage, orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ipa tí ń yí ká náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwú tí Yorùbá mọ̀, ohun tí a ń ran, tí a ń fi hun aṣọ, tí a sì ń fi kún nǹkan ni. Tàró kò fi ohunkóhun kún ihò. Ṣe ni ó ń mú irin kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò: yóò ta epo sẹ́nu ihò, yóò fi tàró sí i lóòró gangan, yóò yí i díẹ̀ síwájú, yóò sì dá a padà sẹ́yìn kí èérún irin lè já, kí ó tó tún yí i síwájú. Èérún tí ó ń bọ́ sílẹ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí mi. Ọ̀rọ̀ tí ó bá máa jẹ́ orúkọ irinṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ pé ó ń gé nǹkan.

Yorùbá kò sì ṣàìní ọ̀rọ̀ fún kí a fi irin gé ojú nǹkan, kí ipa rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ títí: kíkọlà ni. Nítorí náà, àbá mi ni pé kí ohun tí ń yí ká nínú ihò náà máa jẹ́ ilà, kí tàró máa jẹ́ ìkọlà-inú, kí filíẹ̀ tí ń gé irú ipa bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn páìpù fúnra rẹ̀ sì máa jẹ́ ìkọlà-ẹ̀yìn. Bí ìgbálẹ̀ ti jẹ́ ohun èlò, tí gbígbálẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkọlà àti kíkọlà yóò rí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rán mi létí ohun tí ìkọlà jẹ́ nínú Bíbélì. Kí ó rẹ́rìn-ín. Kíkọ náà ni a ń kọ àbàjà àti pélé, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣi ìyẹn gbọ́.

Orúkọ nìkan kò tó, nítorí ọmọṣẹ́ tí ó kàn béèrè ìkọlà-inú «ààbọ̀ ínṣì» ṣì lè mú èyí tí kò yẹ bọ̀. Ilà kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Róòbà tí a tẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ ni ó ń dá omi dúró. Òmíràn ń fún bọ̀, ní ìwọ̀n 1 sí 16 (fífẹ̀ rẹ̀ ń dín mìlímítà 1 nínú gígùn mìlímítà 16), ara ilà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú téfúlọ̀nù, ọ̀já funfun tí a ń wé mọ́ ọn, ni ó sì ń di omi. Mo dábàá ilà adọ́gba àti ilà ṣóńṣó. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀: ní ààbọ̀ ínṣì, ilà 14 ni ó wà nínú ínṣì kan, gẹ́gẹ́ bí ti «gáàsì», orúkọ tí a ń pe ilà páìpù tí a ń lò níhìn-ín, ṣùgbọ́n igun ojú ilà tiwọn jẹ́ dìgírì 60, tiwa jẹ́ 55. Ìyẹn ni pé wọn yóò wọra fún ìyípo bí i mélòó kan, ọmọ náà yóò rò pé ó ti bọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni yóò há, tí omi yóò sì máa jò.

«Ààbọ̀ ínṣì» gan-an alára, mo fẹ́ kí ìwé náà ṣọ́ra fún un. Fífẹ̀ ẹ̀yìn ilà náà jẹ́ mìlímítà 20.955, bẹ́ẹ̀ sì ni ààbọ̀ ínṣì jẹ́ mìlímítà 12.7 péré. Ìdí nìyí tí àwọn Faransé fi ń pè é ní 15/21, inú kí ó tó kan ẹ̀yìn. Síbẹ̀, 21 yìí náà lè tanni jẹ: ẹni tí ó bá fi ìlu mìlímítà 21 lu ihò, tàró ilà adọ́gba yóò bọ́ wọ inú rẹ̀ láìrí irin kankan bù jẹ. Ìlu 19 ni ó yẹ.

Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí n ó kọ sínú ìwé náà ni: «ìkọlà-inú, ilà gáàsì, adọ́gba, 15/21, ìlu 19». Mo fi gáàsì sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé páìpù omi ni a ń sọ, nítorí ohun tí ọlọ́jà irin yóò gbọ́ nìyẹn bí ọmọ náà bá dé ọjà Wàǹdó. «Ṣóńṣó» nìkan ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí, nítorí irinṣẹ́ náà kò mú lẹ́nu bí abẹ́rẹ́, ó kàn ń fún bọ̀ ni. Bí ẹ̀yin ará Sàbẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá kí ìwé náà tó lọ sílé ìtẹ̀wé.