Ó fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí owó

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mò ń rí sí ìgbáyégbádùn nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa. Ọmọbìnrin kan wá bá mi lálẹ́ àná pé òun fẹ́ padà sílé, owó ò sí. Mo sọ fún un nípa NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ láìsí èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ tọrùn bọ gbèsè. Ṣé kí n lọ bá ìyá náà fúnra mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yá a, báwo lẹ ṣe ṣàlàyé fún òbí yín?